Ààlà Ilẹ̀ Wa Tí Wọ́n Sọ Di Iṣẹ́ Ọnà

Irun dídì ni mo ń ṣe jẹun ní Benson, n'Íkòròdú, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò mọ iyì ohun tó rẹwà. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti fi ọwọ́ ara mi dirun fún ìyàwó tuntun tó wo dígí tó bú sẹ́kún ayọ̀. Ṣùgbọ́n irun oníbàárà mi ni mo ń dì. Èmi kì í fá orí ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì kí n fi irun rẹ̀ ṣe oge fún ẹlòmíràn, kí n wá máa kí i pé ó ṣeun. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí inú ṣì fi ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ohun tí wọ́n ṣe fún ìyá mi nìyẹn.

Ọ̀ṣun ni àwọn òbí mi ti wá. Yàrá kan ni wọ́n kọ́kọ́ gbà ní Benson, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, kí bàbá mi tó rí ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì rà ní Ìgbògbò lọ́wọ́ ẹbí kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Igbó ni gbogbo àdúgbò náà nígbà yẹn. Ọkùnrin kan tí òun náà jẹ́ àlejò bíi bàbá mi ló ra ààbọ̀ kejì. Olórí ẹbí tó ta ilẹ̀ pe àwọn méjèèjì, ó na okùn láti ojú ọ̀nà dé ẹ̀yìn, wọ́n sì jọ gbin pèrègún sójú ìlà náà. Bí wọ́n ṣe ń pààlà nìyẹn. Kò sí òpó síméǹtì, kò sí fẹ́ǹsì. Pèrègún kì í bẹ̀rù ọ̀gbẹlẹ̀. Bí a bá gé e, á tún rú. Ẹni méjì ló sì ń ni ín. Bí ó bá ga jù, bàbá mi á pe aládùúgbò wa, wọ́n á jọ gé e, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ má gé tèmi kúrú o, ẹ̀yin ará Ìwó ò mọ ìwọ̀n." Ẹnìkan ò gbọdọ̀ dá fọwọ́ kàn án. Ọmọdé tó bá fa ewé rẹ̀ ya, ilé méjèèjì ni á ti gba igbátí.

Nígbà tí bàbá mi kú, inú ọgbà la sin ín sí, nítòsí pèrègún. Ìyá mi ló júwe ibi tí wọ́n máa gbẹ́ fún àwọn àlùfáà. Ó fi àyè sílẹ̀ láàárín sàréè àti pèrègún, àyè tó gba ènìyàn kan ní ìdùbúlẹ̀. "Tèmi nìyẹn," ó wí bẹ́ẹ̀ níṣojú gbogbo ẹbí. Láti ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń tu koríko ibẹ̀. A kò gbọdọ̀ sá aṣọ síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ gbé bàsíà lé e. Tí mo bá wá kí i, tí mo gbàgbé tí mo gba ibẹ̀ kọjá, á pariwo láti ojú fèrèsé pé kí n sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì òun. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí ọmọbìnrin oníṣẹ́ ọnà náà dé, ṣọ́ọ̀bù ni mo wà. Ìyá mi pè mí lórí fóònù, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní àlejò kan wá kí òun, orúnkún méjèèjì ló fi kanlẹ̀. Ó ní ìlú òkèèrè ló dàgbà sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó gbé ẹyin sẹ́nu, ṣùgbọ́n kò gbàgbé "ẹ" kan ṣoṣo. Ó ń ṣe iṣẹ́ kan lórí àwọn ewé tó ń tán lọ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ nítorí ilé tó ń gba gbogbo ilẹ̀. Ère irin máa wà níbẹ̀, ewé gidi máa wà níbẹ̀, awò kan sì tún máa wà tí ènìyàn máa gbé sójú, tí á wá rí ara rẹ̀ láàárín igbó bí ẹni pé ibẹ̀ ló dúró sí gan-an. Ó fi kámẹ́rà kan tó ń dá yípo ya ilé wa àti kànga wa. Ìyá mi fún un lómi tútù, ó mu ún tán. Lẹ́yìn náà ló wá bèèrè.

"Màmá, ta ló ni pèrègún yìí?"

"Ti gbogbo wa ni," ìyá mi dáhùn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tọ́ ládùúgbò wa mọ ohun tó túmọ̀ sí. "Gbogbo wa" yẹn, èmi àti ará ẹ̀gbẹ́ ilé mi ni. Ó túmọ̀ sí pé ọwọ́ mi nìkan kọ́ ló wà, mi ò lè dá fún ọ ní nǹkan kan níbẹ̀, má fọwọ́ kàn án. Ìyá mi ò lè la á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún àlejò tó kúnlẹ̀ kí i, torí náà ó sọ ọ́ bí àgbà ṣe ń sọ ọ́. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Èyí tí ìyá mi sọ fún ọmọbìnrin yìí dénú rẹ̀, ó di ọkọ̀ akẹ́rù. Ohun tí òun gbọ́ ni pé kò sẹ́ni tó ni ín, pé gbogbo ayé ló lè mú un. Ó tún kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ìyá mi rò pé omi tóun fún un ló ń dúpẹ́ fún, ló bá ṣàdúà fún un.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ìyá mi lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Ìwó. Kó tó dé, wọ́n ti gbé ọkọ̀ wá, wọ́n ti hú pèrègún náà tigbòǹgbò tigbòǹgbò. Ayálégbé tó wà ní iwájú ilé wa rí wọn. Ó ṣáà ti rí i tí ọmọbìnrin náà ń kúnlẹ̀ fún Màmá, ó rò pé Màmá ti gbà, ó tiẹ̀ bá wọn gbé e sínú ọkọ̀. Ohun tó dùn mí jù nìyí: wọn ò ṣe é níṣekúṣe. Wọ́n di gbogbo kòtò pa. Wọ́n fi ráàkì tún ilẹ̀ ṣe, wọ́n gbá a, wọ́n wọ́n omi sí i kí eruku má bàa sọ. Ilẹ̀ náà tẹ́jú bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ká ní ọ̀bùn ni wọ́n ni, ká ní wọ́n fi ihò sílẹ̀ láìdí, à bá rí ihò tọ́ka sí. Ìmọ́tótó wọn ló kó bá wa.

Mo gba nọ́ńbà ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ ìyá mi, mo pè é.

"Ẹ káàsán ma," ohùn rẹ̀ tutù. "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí Màmá dààmú. Gbogbo wọn wà láàyè ní Ẹ̀pẹ́, à ń bomi rin wọ́n."

"Ta ló ní kó o hú u?"

"Màmá ló ní ti gbogbo wa ni, ma."

"Ìwọ wà lára gbogbo wa?"

Ó ní, "Sọ́rì ma. Tá a bá ti ṣe é tán, a máa dá a padà."

"Ojú ibo lẹ máa dá a padà sí?"

Ó ní kí n má bínú, pé gbogbo ilé wa ló wà nínú awò náà, ewé kan ò dín níbẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹkún yẹn tún wá bí mi nínú ju ohun tó ṣe lọ. Wọ́n hú ààlà wa, èmi náà ni mo tún ń bẹ ẹni tó hú u pé kó má sunkún mọ́.

Aládùúgbò wa àtijọ́ ti kú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé láàárín Èkó ló jogún ilẹ̀ náà. Ó ti ń wá ẹni tó máa rà á tipẹ́. Pèrègún ò tíì kúrò níbẹ̀ pẹ́ tó fi mú ẹni tó fẹ́ rà á dé. Onítọ̀hún ní fẹ́ǹsì ni òun máa kọ́kọ́ mọ, wọ́n já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀, wọ́n na okùn. Ibi tí okùn náà gbà, etí sàréè bàbá mi gan-an ni. Gbogbo àyè tí ìyá mi ń tu koríko rẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ wọn.

"Àǹtí, ibí ni pèrègún wà," ọmọ aládùúgbò wí fún mi, kò wo ojú mi. "Bàbá yín ni wọ́n sin sún mọ́ ọn jù."

"Ìwọ tó jẹ́ pé àwa méjèèjì la jọ gba igbátí nítorí pèrègún yẹn?"

"Ọmọdé ni mí nígbà yẹn. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rí, ẹ mú un wá."

A tú gbogbo fọ́tò ilé wò. Nínú gbogbo wọn, àwa la dúró síwájú tá à ń rẹ́rìn-ín, pèrègún kàn wà lẹ́yìn bí ewé lásán. Ta ni í ya fọ́tò ààlà? Ọjọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kan tí mo ń dirun fún na fóònù sókè sí mi. "Àǹtí, ẹ wo ibi tó rẹwà yìí o, Ẹ̀pẹ́ ló wà, ẹ jẹ́ ká jọ lọ lọ́jọ́ Àìkú!" Mo wò ó, pèrègún wa ni, wọ́n tan iná pupa sí i lára. Díẹ̀ ló kù kí irun já mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní mi ò ráyè.

Ọ̀rọ̀ náà di ti olórí ẹbí tó ta ilẹ̀. Ẹni tó na okùn nígbà àwọn bàbá wa ti kú, àbúrò rẹ̀ ló wà nípò báyìí, bàbá arúgbó kan tó jẹ́ olóòótọ́, tí kì í ṣe ojúsàájú. Ó wá, ó wo ilẹ̀ náà títí.

"Mo mọ̀ pé pèrègún wà níbí," ó ní. "Ojú ibi tó wà gan-an ni mi ò lè búra sí."

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ awò yẹn sọ sí mi lọ́kàn. Mo sọ fún bàbá pé ilé wa wà nínú awò kan ní Ẹ̀pẹ́, bó ṣe wà kí wọ́n tó hú ohunkóhun. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ojú òun bá ṣáà ti lè rí ìlà náà, ì báà jẹ́ nínú awò, ì báà jẹ́ nínú ìgò, òun máa dúró lé e lórí. Ọmọ aládùúgbò náà gbà. Inú mi dùn débi pé mo ra búrẹ́dì lọ fún ìyá mi.

A háyà ọkọ̀, a gba Ìtòìkín dé Ẹ̀pẹ́, bàbá, ọmọ aládùúgbò, ìyá mi àti èmi. Aṣọ tí ìyá mi fi ń lọ yìdì ló wọ̀. Gbọ̀ngàn ńlá kan ni, ó kọjú sí ọ̀sà. Wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sókè ẹnu ọ̀nà: TI GBOGBO WA.

Ìyá mi ò mọ̀wé. Ó bi mí ohun tí wọ́n kọ, mo kà á fún un.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ kọ́ nìyẹn?" ó ní.

Pátákó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tí wọ́n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Ìgbògbò tó fi tinútinú yọ̀ǹda igi wọn. Ará Ìgbògbò wo? Ìyá mi ò yọ̀ǹda. Ọmọ aládùúgbò ò yọ̀ǹda. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu, ó tún wá ń kí wa pé a kú ìfaradà. Àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀ mú ife dání, wọ́n ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ń mi orí.

Inú gbọ̀ngàn náà ṣókùnkùn díẹ̀, ohùn ẹyẹ ń ti ara ògiri jáde. Irin tí àwọn jórinjórin tẹ̀ bíi gbòǹgbò rọ̀ sílẹ̀ láti òkè àjà, wọ́n kùn ún ní pupa, ó wọ́ kálẹ̀ nínú iyanrìn. Láàárín rẹ̀ ni pèrègún wa dúró sí, ó tutù yọ̀yọ̀. Mi ò ní purọ́, ó rẹwà. Pé ó rẹwà yẹn gan-an ló mú kí inú túbọ̀ máa bí mi. Ìyá mi rìn lọ bá a, ó na ọwọ́ sí ewé kan bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ kí ọmọ tó ti pẹ́ tó ti rí. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sáré dé.

"Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án, ma. Iṣẹ́ ọnà ni."

Ìyá mi fa ọwọ́ padà. Ó tún bẹ̀ ẹ́! Ó ní kó má bínú! Pèrègún tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, ìyá mi ń bẹ ọmọ àná nítorí pé ó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Mo ti la ẹnu kí bàbá tó di apá mi mú. Ó ní nítorí ohun tá a bá wá, kí n ṣe sùúrù.

Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ jáde wá. Ó kúnlẹ̀ fún bàbá, ó kúnlẹ̀ fún ìyá mi, ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún èmi náà, mo ní kó dìde, orúnkún rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ tó. Ó gbé awò náà wá, ohun dúdú kan tó tóbi, tó ní okùn tí wọ́n ń dè mọ́ orí. Bàbá ṣí fìlà, a dè é fún un. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn. Lójijì ló kígbe.

"Háà! Ìgbògbò rèé! Ilé yín nìyí, ìyá. Mo rí kànga. Mo tiẹ̀ rí nẹ́ẹ̀tì fèrèsé yín tó ya."

Ìyá mi pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Pèrègún ńkọ́, bàbá?"

Ó yí sọ́tùn-ún. Ó yí sósì. Ó tún yípo pátápátá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, ọmọ aládùúgbò ló gbá a mú.

"Ó yí mi ká," ó wí. "Ọmọ mi, kò síbi tí kò sí."

Mo gba awò náà, mo dè é. Ilé wa ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n pèrègún ò sí lójú ìlà mọ́. Ó dúró yí gbogbo àgbàlá ká, ó ga ju òrùlé lọ. Mo wá sàréè bàbá mi, mi ò rí i. Ilẹ̀ lásán ló wà níbẹ̀, òdòdó hù sí i.

Mo bọ́ ọ kúrò lójú. Mo bi ọmọbìnrin náà pé, "Ìlà dà?"

Ó ní ilé nìkan lòun yà nígbà tóun kọ́kọ́ wá. Igi náà, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti yà á lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí wọ́n ti hú u, òun ló wá fọwọ́ ara òun tún un tò. Sàréè náà, ọ̀wọ̀ ló jẹ́ kóun yọ ọ́. Mo bi í léèrè ìdí tó fi tò ó yípo.

"Ìlà tó lọ tààrà máa ń pín èèyàn níyà, ma. Mo fẹ́ kó kó wa jọ."

"Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn!" Mo ti ń pariwo, àwọn onífe ti yíjú sí wa. "Kó pín wa níyà ni wọ́n ṣe gbìn ín! Òun ni ò jẹ́ kí àwọn bàbá wa bára wọn jà títí wọ́n fi kú! Ìwọ yẹ ààlà wa, o ní o ń kó wa jọ? Wò wá bó o ṣe kó wa jọ!"

Ọkùnrin kan gbé fóònù sókè, ó ń ká mi sílẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dá mi lójú pé ó rò pé mo wà lára iṣẹ́ ọnà náà.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá wá sí ọgbà wa, ó jókòó, ó ní a ti rí i fúnra wa pé kò sí ẹ̀rí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀, kí á pín ibi tí à ń jà lé lórí sí méjì, kí fẹ́ǹsì gba àárín rẹ̀. Ọmọ aládùúgbò gbà kíá. Ayálégbé wa ní ìdájọ́ àgbà ni. Mo fẹ́ bínú sí bàbá, mi ò rí ibi tí mo máa gbà bínú sí i. Kí ló tún fẹ́ ṣe? Ẹni tó yẹ kí n bá jà wà ní Ẹ̀pẹ́, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa lára pátákó.

Wọ́n tún okùn na. Ìyá mi dìde lórí àga, ó rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, ó dúró sáàárín sàréè àti okùn, ó wo ohun tó kù fún un.

"Bàbá, ẹ ṣeun," ó ní. "Àyè èèyàn kan ni tẹ́lẹ̀, ẹ ti bá wa pín in. Nínú ìlàjì tó kù yìí, ẹ̀gbẹ́ ara mi wo lẹ máa sin síbẹ̀, tọ̀tún ni àbí tòsì?"

Bàbá tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀mí yín á gùn, ìyá. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa."

A ṣe àmín, èmi náà ṣe é, ọmọ aládùúgbò ṣe é. Ìyá mi ò ṣe é.

"Àdúà kọ́ ni mo tọrọ," ó wí. "Ilẹ̀ ni."